Kì í Ṣe Nínípọn Ni Ká Fi Yan Aṣọ Òjò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Aránṣọ ni mí ní ìlú Ìlọrin. Láti kékeré ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, òun ni mo ń jẹ, òun náà ni mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ìnáwó tàbí aṣọ ọdún. Aṣọ tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà níta gbangba ń wọ̀ nínú òjò àti nínú ọyẹ́ ni mo ní lọ́kàn: àgbẹ̀, ọlọ́kadà, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́lé, ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì, àti ọmọ tó ń jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ohun tí mo rí ni pé nínípọn ni púpọ̀ nínú wa fi ń yan aṣọ òtútù, a sì ń ṣì í yàn. Ohun tí wọ́n fi hun aṣọ náà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, ká sì bi ara wa pé bí omi bá kàn án, kí ni yóò dà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin gun ọ̀kadà láti Ọ̀fà wá sí Ìlọrin. Òjò ti ṣú kó tó kúrò nílé, ó sì gbà pé òun ti múra dáadáa: ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó wọ ẹ̀wù òtútù olówùú tó nípọn, èyí tó ní fìlà lẹ́yìn ọrùn, ó sì wọ ṣòkòtò jíǹsì. Òjò ká a mọ́ kó tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Kò yà síbì kankan, torí ó ń kánjú, ó sì dá a lójú pé aṣọ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ yóò gba òun. Nígbà tí yóò fi kọjá Ìdòfìàn, ó ní òun kò mọ ìka ọwọ́ òun mọ́ lára bíréèkì. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ètè rẹ̀ ti ṣú, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní kó bọ́ aṣọ. Ó gbé ọwọ́ sí bọ́tìnì ṣòkòtò rẹ̀, ìka rẹ̀ kọ̀, kò ká. Ó tún gbìyànjú, bọ́tìnì tún yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ́ńjìnì palẹ̀. Èmi ni mo mú sísọ́ọ̀sì, tí mo gé bọ́tìnì náà dànù. Nígbà tí ọmọṣẹ́ mi kan fún ẹ̀wù òtútù náà sínú bàsíà tí a fi ń fọ aṣọ, omi tó jáde nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì bàsíà.

Aládùúgbò kan tó fẹ́ràn wa ní ká wá ọtí líle díẹ̀ fún un kí ara rẹ̀ lè gbóná. A kò fún un, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀sìn nìkan. Ọtí líle máa ń ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí abẹ́ awọ, ẹni tó mu ún á rò pé ara òun ń móoru, bẹ́ẹ̀ ooru inú ara rẹ̀ gan-an ló ń tú jáde. A bọ́ gbogbo aṣọ tútù náà kúrò lára rẹ̀, a nu ún gbẹ, a fi kúbùsù wé e láti orí dé ẹsẹ̀, a sì fún un ní kókó gbígbóná. Ó tó wákàtí kan kó tó lè di ife mú láìjẹ́ pé ó ń dà á sára.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé òtútù ilẹ̀ wa kò tó èyí tí í ṣe ènìyàn ní jàǹbá, pé ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni irú rẹ̀ wà. Èrò tèmi náà nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru ara ẹni tó dá ṣáṣá kò ju nǹkan bíi 37 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó bá sì ti wálẹ̀ kọjá 35, ewu ni àwọn oníṣègùn kà á sí. Ó sì lè wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ kò tutù rárá lójú ẹni tó jókòó sínú ilé, bí aṣọ bá ti rin gbindin tí afẹ́fẹ́ sì ń lù ú mọ́ni lára. Omi máa ń fa ooru lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí atẹ́gùn tó dúró jẹ́ẹ́ ti ń fà á. Ti ọlọ́kadà tún wá le sí i, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń dá afẹ́fẹ́ tó ń gbá a láyà sílẹ̀; bó ṣe ń sáré sí i kó lè tètè délé ni òtútù ń mú un sí i. Ẹni tí gbígbọ̀n rẹ̀ kò dúró, tí ìka rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, kí àwọn tó wà nítòsí tètè bá a bọ́ aṣọ tútù. Bó bá wá dákẹ́ gbígbọ̀n láìtíì móoru, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ti dé.

Kí ló dé tí ẹ̀wù tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ kò fi gbà á? Ìdí ni pé aṣọ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú ara móoru. Atẹ́gùn tó há sáàárín fọ́nrán rẹ̀ ni, èyí tí ooru ara wa ti mú móoru. Òwú sì fẹ́ràn omi púpọ̀. Bó bá ti mu omi, fọ́nrán rẹ̀ á dì mọ́ra, omi á gba ipò atẹ́gùn, aṣọ á lẹ̀ mọ́ awọ, gbogbo nínípọn tí a tìtorí rẹ̀ rà á á wá di ẹrù omi. Bó ṣe nípọn tó ni omi tó gbà ṣe máa pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì ṣe pẹ́ tó kó tó gbẹ, ooru ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò sì máa fi gbẹ. Jíǹsì ló burú jù nínú gbogbo wọn. Mo gbé ṣòkòtò àbúrò mi lọ sórí òṣùwọ̀n alápatà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kí n tó fún omi ara rẹ̀ dànù, mo sì tún gbé e lọ lẹ́yìn tó gbẹ tán: nígbà tó tutù, ó wúwo ju ìlọ́po méjì bó ṣe rí ní gbígbẹ lọ.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń bá òwú jà. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ìlú aláṣọ òfì ni ìlú wa, ìró òfì ni wọ́n fi jí èmi náà lójú oorun nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò sí aṣọ tó dára tó aṣọ òwú nínú ooru, torí omi tó ń mu yẹn náà ló fi ń gba òógùn lára wa. Ohun tó ń gbà wá lóṣù Kẹta náà ni kì í jẹ́ kó lè gbà wá lóṣù Kẹsàn-án.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ mi fi ojú ara wọn rí i, nítorí náà mo gé aṣọ méjì tó gùn bákan náà tó sì fẹ̀ bákan náà, ọ̀kan jẹ́ òwú, èkejì jẹ́ pọ́líẹ́sítà, irú èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. A rì wọ́n sínú omi lẹ́yìn ìrun Àyìlá, a fún wọn, a sì sá wọn sábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn kò dé, lọ́jọ́ tí òjò ṣú. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, pọ́líẹ́sítà ti gbẹ. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, òwú ṣì ń tutù lọ́wọ́. Láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe pọ́líẹ́sítà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é jáde ní ọdún 1941. Fọ́nrán rẹ̀ kì í fẹ́ gba omi wọnú, omi kàn ń dúró sí ojú rẹ̀ ni. Irun àgùntàn náà dára lọ́nà tirẹ̀. Òun a máa mu omi, ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ lọ́, ó ká kòrókòró, kì í tètè dì mọ́ra, ìyẹn ni ó fi ń dá atẹ́gùn dúró síbẹ̀ nígbà tó bá tutù. Àgùntàn tiwa níhìn-ín kò ní irú irun bẹ́ẹ̀, irun kúkúrú bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára wọn, nítorí náà òkè òkun ni súwẹ́tà onírun àgùntàn ti ń wá bá wa, inú òkìríkà sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà.

Bí ẹ bá dé ìdí òkìríkà, ẹ má ṣe kàn fi ọwọ́ tẹ aṣọ wò kí ẹ sì sanwó. Ẹ yí ọrùn rẹ̀ padà tàbí kí ẹ wo inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn. Bí wọ́n bá kọ «cotton» síbẹ̀, aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ «wool» tàbí «polyester», ẹ lè mú un fún òjò. Bí wọ́n bá ti gé àkọlé náà kúrò, ẹ fa fọ́nrán kan yọ níbi tí kò hàn, ẹ gbé e sílé, ẹ sì fi iná kàn án níta. Òwú á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì kúnná lẹ́búlẹ́bú. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná. Pọ́líẹ́sítà á yọ́, á ká jọ, á sì di kókó líle dúdú bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Ọgbọ́n àtijọ́ ni láàárín àwa aránṣọ, kò sì tíì já mi kulẹ̀ rí àfi ní orí aṣọ tí wọ́n pa òwú àti pọ́líẹ́sítà pọ̀ hun, èyí tó máa ń ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì.

Kókó dúdú yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń yáná kíyè sí. Bí ọyẹ́ bá dé, láti oṣù Kọkànlá tàbí Ìkejìlá, ẹ ó rí àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn awakọ̀ ní gáráàjì tí wọ́n rọ̀gbà yí iná ká ní ìdájí, púpọ̀ nínú wọn sì wọ jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà tó rọ̀ bí irun ọmọ ológbò, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ pọ́líẹ́sítà. Ẹta iná kan tó bà lé aṣọ òwú á dá ihò sí i, ẹni tó wọ̀ ọ́ á gbọ̀n ọ́n dànù. Èyí tó bà lé pọ́líẹ́sítà á yọ́ ọ, ohun tó yọ́ náà á sì lẹ̀ mọ́ awọ, bí a bá ní ká fà á kúrò, á bó awọ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ìyá wa tó ń sun àgbàdo nígbà òjò, tí wọ́n da ọ̀rá bora tí wọ́n sì ń fẹ́ iná lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀wù òjò bo ẹ̀yìn àti èjìká wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n so aṣọ òwú tó nípọn mọ́ iwájú, láti àyà dé orúnkún, kí iná má baà rí ọ̀rá náà mú. Ibi iná ni nínípọn òwú ti wúlò fún wa.

Ọyẹ́ kò rí bí òjò, ó sì yẹ ká ya ọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀. Òtútù gbígbẹ ni ọyẹ́, kò ní omi tí yóò rin aṣọ, afẹ́fẹ́ tó ń gba inú aṣọ kọjá ni ogun rẹ̀. Àwọn àgbà tó ní ọyẹ́ ló máa kìlọ̀ fún onítòbí mọ ohun tí wọ́n ń wí, torí tòbí nìkan kò lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Aṣọ tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa ló ń ṣe é, kíjìpá àti òfì kò sì kéré níbẹ̀ rárá. Àgbẹ̀ tó wọ kíjìpá lọ sóko ní oṣù Kìíní, tó sì fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, kò ṣìṣe. Bí oòrùn bá wá mú ní ọ̀sán, kó bọ́ ọ̀kan kúrò kí òógùn tó bo gbogbo ara rẹ̀, nítorí aṣọ tí òógùn rin ní ọ̀sán ni òtútù yóò bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́.

Ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló dùn mí jù lórí ọ̀rọ̀ ọyẹ́. Oníbàárà mi kan ní ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ọmọbìnrin tó mọ̀wé tó sì níwà. Òtútù wà lára ohun tí ń ta ìrora àìsàn náà jí, àwọn dókítà kì í sì yé kìlọ̀ rẹ̀ fún òbí: ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un, ẹ má jẹ́ kí òjò pa á, ẹ jẹ́ kó máa mu omi. Ìyá rẹ̀ ra súwẹ́tà onírun àgùntàn fún un, àwọ̀ ewé. Àwọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà fọwọ́ sí sì jẹ́ àwọ̀ mìíràn. Wọ́n bọ́ súwẹ́tà náà lọ́rùn ọmọ lórí ìlà ní òwúrọ̀ ọyẹ́, wọ́n sì fi í dúró nínú ẹ̀wù alápá kúkúrú títí wọ́n fi gbàdúrà tán tí wọ́n sì kọrin tán. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì sùn. Ìyá náà mú súwẹ́tà mìíràn tó jẹ́ àwọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wá fún mi pé kí n bá òun tún un ṣe, olówùú ni, ó fẹ́lẹ́, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tí àìsàn yìí pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Mo bẹ àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin, ní Òmù-Àrán, ní Ọ̀fà àti níbi gbogbo pé láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé títí yóò fi lọ, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọ súwẹ́tà tí òbí rẹ̀ bá lágbára láti rà, àwọ̀ yòówù kó jẹ́.

Kí n padà sórí òjò. Ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó wọ aṣọ ní ipele mẹ́ta. Èyí tó kan ara gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í dá omi dúró, ẹ̀wù bọ́ọ̀lù lásán tó o. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ooru, súwẹ́tà onírun àgùntàn tàbí jákẹ́ẹ̀tì pọ́líẹ́sítà tó rọ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ẹ̀wù òjò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti lé omi àti afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, kò pọn dandan kó nípọn. Nílùú Ìlọrin, lọ́pọ̀ ọjọ́, àkọ́kọ́ àti ìkẹta ti tó. Kí ìkejì wà nínú ọ̀rá tí a dì lẹ́nu pinpin, kó lè gbẹ dé ibi tí a ń lọ. Ṣòkòtò kò yàtọ̀: kí ẹni tó fẹ́ gun ọ̀kadà nínú òjò fi jíǹsì sílé.

Ẹ̀wù òjò fúnra rẹ̀ ni ibi tí àwa aránṣọ ti jẹ̀bi. Láti ọdún 1823 tí ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó ń jẹ́ Charles Macintosh ti gba ìwé àṣẹ lórí aṣọ tó fi rọ́bà sáàárín rẹ̀, gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé aṣọ lè kọ omi. Síbẹ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún wa kò bá ìrìn wa mu, a kì í sì í fẹ́ rán tiwa. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà kọjá ni omi ń gbà wọlé. Nítorí náà, bí mo bá ń rán ẹ̀wù òjò, n kì í gé orí èjìká, inú aṣọ kan náà ni mo ti ń gé iwájú àti ẹ̀yìn kí ojú rírán má baà wà níbi tí òjò ti ń lù jù. Ibi tí mo bá ti rán, mo máa ń ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni n ó fi àbẹ́là pa ojú rírán náà láti inú àti láti òde, tí n ó sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ kọjá lórí ìwé tí mo tẹ́ lé e kí ìda náà lè yọ́ wọ inú ihò abẹ́rẹ́. Síìpù iwájú gbọ́dọ̀ ní ìbòjú. Lábẹ́ apá, mo máa ń fi ihò sílẹ̀, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kí ara mí, òógùn lè rin ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára láti inú gan-an bí ìgbà tí òjò pa á. Àwọn ọmọṣẹ́ mi kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣe àṣìṣe nígbà tí mo ń gé ihò sí ẹ̀wù òjò.

Ti ọ̀kadà tún ní tirẹ̀. Ẹ̀wù òjò tó gùn dé kókósẹ̀ dára fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n lórí ọ̀kadà, afẹ́fẹ́ á gbé e, wáyà táyà ẹ̀yìn á sì fà á wọlé. Ẹ̀wù tó dé itan pẹ̀lú ṣòkòtò òjò ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú láti lò. Àwọn obìnrin wa tó ń wọ híjáàbù tàbí tó da ìborùn bo èjìká, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀wù òjò kí wọ́n tó gun ọ̀kadà. Mo ti ń rán èyí tó fẹ̀ ní èjìká àti ní orí nítorí tiwọn, kí híjáàbù má baà ká jọ sí wọn lọ́rùn. Ní ti àwọ̀, mo bẹ yín, ẹ yé ra dúdú. Bí òjò bá ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ tí omi bo gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ kò lè rí ẹni tó wọ dúdú. Àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn ni kí ẹ wọ̀.

Bàtà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí ó jẹ́ rọ́bà, kí ó ga ju kókósẹ̀ lọ, kí ṣòkòtò òjò sì wà ní òde rẹ̀. Ẹni tó bá ki ṣòkòtò bọ inú bàtà òjò ti fi bàtà náà gbe omi.

Mo rí ohun kan tí mo fẹ́ yìn. Àwọn Fúlàní darandaran tó ń gba ẹ̀yìn ìlú wa kọjá kì í jẹ́ kí òjò ká wọn mọ́ láìmúra. Ọ̀rá ńlá ni wọ́n máa ń ká, tí wọ́n á dè mọ́ra. Bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á tú u dà bora, pẹ̀lú fìlà fífẹ̀ lókè àti bàtà rọ́bà nísàlẹ̀, ara wọn á sì gbẹ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà náà ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n á ti igun kan àpò ajílẹ̀ bọ inú igun kejì, á sì di ìborí tó bò wọ́n dé ìbàdí, tí ọwọ́ méjèèjì wọn á sì ráyè lo ọkọ́. Ìyẹn dára ju ẹ̀wù òtútù tó nípọn lọ nínú òjò. Kí wọ́n kàn fọ àpò náà dáadáa kó tó kan orí, torí ajílẹ̀ máa ń ta ojú.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, àwọn tó gba ènìyàn síṣẹ́ ni mo sì ń bá sọ ọ́. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé yín láti alẹ́ mọ́jú kò lè dá ẹ̀wù òjò rà, owó tí ẹ ń san fún un kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ti rí èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fún ní jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì, tó sì ń dúpẹ́ gidigidi fún un. Ọ̀gá náà ṣe inúure, aṣọ ni kò tọ́. Ẹ fún wọn ní ẹ̀wù òjò, bàtà rọ́bà àti súwẹ́tà kan tí kì í ṣe olówùú, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ kan sínú ọ̀rá sí yàrá ẹnu géètì fún ẹni tí òjò bá pa. Ẹ̀yin tẹ́lọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ wo pátánì ẹ̀wù òjò tí kò ní ojú rírán lórí èjìká, kó kọ̀wé sí Olóòtú, n ó gé e sórí ìwé n ó sì fi ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

Àbúrò mi ti ní tirẹ̀ báyìí, àwọ̀ ọsàn. Mo rán bọ́tìnì ṣòkòtò jíǹsì náà padà fún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ ló máa ń wọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Aránṣọ,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.